Ìtàn Tí Alága Wọ́gi Lé

"Irọ́ funfun báláú!" Alága àwọn adájọ́ ìdíje ìtàn kíkọ fi bírò lu tábìlì. Ìwà ọmọlúàbí ló ń fi gbogbo ìwé tirẹ̀ wàásù, iṣẹ́ ẹlòmíràn kì í sì í tó nǹkan lójú rẹ̀. "Akọ̀wé, tún ibẹ̀ kà!"

Akọ̀wé tún un kà: "Awakọ̀ tó gbá ìyá oníbúrẹ́dì náà sọ̀ kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa nǹkan kan, ó padà wọ mọ́tò, ó sì sá lọ."

"Ẹ gbọ́ ìsọkúsọ! Ìyá ń jẹ̀rora nílẹ̀, kí ẹnìkan wá máa fi áńkáṣíìfù wé àfọ́kù iná mọ́tò! Òǹkọ̀wé yìí ò mọ ọmọ aráyé rárá. Ẹ fún un ní òdo."

Àwọn adájọ́ méjì tó kù ń mi orí bí alángbá.

"Ẹ má bínú, sà," akọ̀wé ní. "Mi ò tíì ka ohun tó ṣà."

Orí àwọn alángbá méjèèjì dúró sójú kan. Akọ̀wé rọra ṣí ojú ìwé kejì: "Àfọ́kù iná ọ̀tún ni. Ó fi áńkáṣíìfù wé e."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ alága. Lọ́tẹ̀ yìí, kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.