Àpá Kì Í Ṣe Àmì: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ sí Ọ̀nínì Ìyá Ayẹni

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, nítorí ìsàlẹ̀ ni oró rẹ̀ wà. Pàápàá ẹ̀yin tí òbí yín fi nǹkan àtijọ́ sílẹ̀ fún.

1.
Bí ẹ bá dé Ring Road ní Ìbàdàn, tí ẹ béèrè ẹni tó ń sọ ọkọ̀ tòkunbọ̀ di tuntun, Ayẹni ni wọn yóò júwe fún yín. Ọkùnrin náà mọṣẹ́, ká sọ òtítọ́. Ọkọ̀ tí gbogbo ara rẹ̀ ti bó, bí Ayẹni bá fi ẹ̀rọ ìdán rẹ̀ yí i po, ẹ ó máa wo ojú ara yín nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni pé, "Ọjà tí kò dán, olówó ò ní bojú wò ó."

Ìyá rẹ̀, Màmá Ọmọ́fẹ́, wá láti Èkìtì, ó sì ta orógbó ní Moniya títí ó fi dàgbà. Nígbà tó kú, owó ẹyọ méjì ló wé sínú aṣọ fún Ayẹni: ṣílè kan tó ní ihò, àti ọ̀nínì kan. Ẹ̀yin ọmọdé, ọ̀nínì ni owó tó kéré jù láyé ìjọba òyìnbó, láàárín gbùngbùn rẹ̀ ni ihò sì máa ń wà láti ibi tí wọ́n ti rọ ọ́. Ṣùgbọ́n ihò ti èyí yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Lọ́jọ́ tó bọ́ sí Màmá lọ́wọ́ nídìí orógbó, ó ní, "Èyí yàtọ̀." Ebi pa á títí, kò ná an. Ẹ wo obìnrin tó lójú inú!

2.
Alhája Ràfátù, olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìntì ní Bodija, ń múra àfihàn owó àtijọ́ tí wọ́n rọ ní àṣìṣe ní ilé owó. Lábẹ́ owó kọ̀ọ̀kan ni wọn yóò kọ orúkọ ẹni tó pa á mọ́ sí. Ọ̀rọ̀ náà wọ Ayẹni lára gidi. Ìyá rẹ̀ kò ya fọ́tò rí, orúkọ rẹ̀ kò sí níbì kankan láyé. Ó fẹ́ kó wà níbẹ̀ yẹn.

Ó kó owó méjèèjì lọ bá Alhája, ṣílè ló kọ́kọ́ yọ. "Alhája, ṣílè kì í ní ihò. Èyí ní. Àṣìṣe ni, àbí?"

Alhája gbé awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá sójú. "Àpá nìyí, ọmọ mi, kì í ṣe àmì. Àmì ni wọ́n ń bí mọ́ èèyàn, àpá ni èèyàn ń rí láyé. Wo bí irin ṣe yọ sókè létí ihò, tó fọ́ lẹ́tà mọ́lẹ̀. Ìṣó ló lù ú. Òwú sì ti jẹ ẹnu ihò náà gùn. Ẹnìkan gbé e kọ́rùn pẹ́. Ta ni?"

"Mi ò mọ̀, mà." Irọ́ ni. Ó mọ̀.

Alhája wá mú ọ̀nínì. Ó wò ó, ó yí i padà. Lẹ́yìn náà ló pariwo, "Alihamudulilahi! Àmì rèé! Etí ihò tẹ́jú, irin kankan ò yọ. Ihò yìí ti wà kí wọ́n tó tẹ lẹ́tà lé e. Ìyá rẹ rí nǹkan! Fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ìgbìmọ̀ àfihàn wa máa wá wò ó ní Sátidé."

Ayẹni fura pé wọ́n lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó ní òun á mú un padà wá fúnra òun.

"Ó dáa. Àmọ́ má fọ̀ ọ́ o. Má nù ún. Bó ṣe rí yìí gan-an ni ẹlẹ́rìí rẹ̀."

3.
Ẹ gbọ́ ohun tí Ayẹni ṣe. Ó délé ní Akobo, ó wo ọ̀nínì dúdú náà, ojú tì í. Kí gbogbo Ìbàdàn wá wo nǹkan ìyá òun pẹ̀lú ìdọ̀tí?

Ìrẹ̀mídé, ìyàwó rẹ̀, ní, "Dádì, ṣebí Alhája ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án?"

"Iṣẹ́ tiwọn ni kíkà, iṣẹ́ tèmi ni dídán."

Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi ẹ̀rọ ìdán rẹ̀ lọ̀ ọ́. Owó náà dán gbinrin. Inú rẹ̀ dùn dé ilé.

4.
Ní Sátidé, Alhája gba ọ̀nínì níwájú ìgbìmọ̀, ó gbé awò sójú. "Ayẹni, kí lo fi ṣe é?"

"Mo dán an ni, mà. Ẹ ò rí i bó ṣe ń kọ mọ̀nà?"

"O ti lọ etí ihò dànù. Lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti parẹ́. Báwo ni àwọn wọ̀nyí á ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ lo lu ú ní ṣọ́ọ̀bù?"

"Ẹ̀yin náà ṣáà rí i, Alhája!"

"Mo rí i, mo sì gbà ọ́ gbọ́. Àmọ́ òfin tí mo ṣe fún gbogbo èèyàn, pé owó tí àmì rẹ̀ kò ṣeé rí mọ́ kò ní wọlé, mi ò lè yẹ̀ ẹ́ torí pé àánú rẹ ṣe mí." Obìnrin olóòótọ́ ni, kódà nígbà tí òótọ́ ń dun òun náà.

Ayẹni wá yọ ṣílè, omi lójú. "Ẹ gba èyí ná. Èmi ni mo gbé e kọ́rùn. Nígbà tí èéyi fẹ́ pa mí lọ́mọdé, màmá mi ló lù ú, tó so ó mọ́ mi lọ́rùn, tó ní kí n dì í mú, kí n má lọ."

Alhája nu ojú. "Mo ti mọ̀ pé ọmọ kan ló gbé e. Àmọ́ àpá ni, Ayẹni. Kò lè wọlé." Ó mú páálí kékeré kan lórí tábìlì, tó ti kọ sílẹ̀ ṣáájú: *Ọmọ́fẹ́ ló pa á mọ́.* Ó fi í lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ṣílè náà.

Nígbà tí àfihàn bẹ̀rẹ̀, Ayẹni lọ síbẹ̀. Ó wo tábìlì títí dé òpin, kò rí orúkọ ìyá rẹ̀. Ṣílè náà wà lọ́rùn rẹ̀ lábẹ́ bùbá, páálí náà sì wà lápò.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ o. Ẹ má fọ owó àtijọ́, ẹ má dán an. Ẹ má pe ihò tí ìṣó lu ní àṣìṣe ilé owó, ẹ má sì pa àṣìṣe tòótọ́ rẹ́ torí ẹ fẹ́ kó lẹ́wà. Bí ẹ bá bá ẹni tó mọ̀ pàdé, ẹ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tí àpótí ìyá rẹ̀ ṣì wà nílé, kó tó gbé ọṣẹ. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ojú àpá kò lè jọ ojú ara.