Aṣọ Igbó Pápá Àjàó

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé "àwàdà lásán ni." Àwàdà lásán ló ba ayé Adéríbigbé jẹ́ ní Pápá Àjàó lọ́dún 1986.

1.
Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Adéríbigbé, aṣọ òfì ló ń hun. Òfì tó ń lò, bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kan, Àǹtí Sẹ̀gilọlá, olùkọ́ iṣẹ́ aṣọ kan ní Yábàá, gbé òwú kan wá bá a, tòun tìwé tó fi kó o wọlé láti òkè òkun. Èèpo ìtì igbó, ewéko tí àwọn kan ń fa ewé rẹ̀ bíi sìgá, ni wọ́n fi ṣe é. Èèpo kì í sì í pani bí ọtí. Òwú náà le ju tiwa lọ, bí wọ́n bá sì ṣe ń fọ̀ ọ́ ló ń rọ̀ sí i. Wọ́n ní ewéko náà kì í ba ilẹ̀ jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi hun ún dáadáa. Bí àwọn àlejò mi tó ń bọ̀ wá ra aṣọ bá fẹ́ràn ẹ̀, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta lẹ rí yẹn. Ṣùgbọ́n òwú òyìnbó ni kẹ́ ẹ máa pè é o. Ẹ ṣáà mọ bí ọlọ́pàá ṣe ń wá onígbó ní Muṣin yín yìí."

"Mo ti gbọ́, Àǹtí."

Gbọ́ wo? Etí ọ̀tún ló gbà wọlé, ti òsì ló gbà jáde.

2.
Aṣọ náà dára débi pé orí Adéríbigbé wú. Ó máa ń pe ẹni tó bá ń kọjá: "Wá fọwọ́ kàn án. Igbó ni mo fi hun ún o."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín wọn á sì máa pa á bí ẹmu. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, "Bàbá Aláṣọ Igbó" ni wọ́n ń pè é.

"Bàbá Ṣìmí, orúkọ yẹn ò dáa," ni Àmúdàtù ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ̀rù ń bà mí."

"Àwàdà lásán ni."

3.
Jethro, ará àdúgbò tó ń na ara mọ́tò tó bá tẹ̀, ra ìrépé aṣọ náà kan. Kò fi rán nǹkan kan. Ó gé etí aṣọ náà, ó wé e sínú bébà, ó ṣáná sí i, ó fà á. Ikọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀.

Ó fìbínú dé ìsọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá owó mi padà. Aṣọ yín ò ṣiṣẹ́. Ẹ ṣáà ní igbó ni."

Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín kí n tó gbọ́ ìyókù.

Ariwo yẹn ló mú ọlọ́pàá méjì yà síbẹ̀. "Ta ló ń ta igbó níbí?" Gbogbo àdúgbò nawọ́ sí Adéríbigbé. Wọn ò purọ́, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

"Ọ̀gá, òwú ni. Mo kàn ń ṣàwàdà ni."

"Máa bọ̀ wá ṣe é ní àgọ́."

Àǹtí Sẹ̀gilọlá mú ìwé rẹ̀ lọ bá wọn. Wọ́n ní kí èsì àyẹ̀wò aṣọ náà kọ́kọ́ jáde.

4.
Oṣù mẹ́jọ gbáko ló wà látìmọ́lé kí èsì tó jáde: òwú ni, kò sí nǹkan tó ń pani nínú rẹ̀. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì.

Onílé ti lé Àmúdàtù àti Ṣìmí jáde, ó ní òun kò gba onígbó sílé. Inú yàrá ìbátan kan ló ti bá wọn.

"Òfì mi ńkọ́?"

Àmúdàtù kò lè wojú rẹ̀. "Ìta ni wọ́n kó o sí. Òjò pa á. Wọ́n ti fi dáná."

"Iṣẹ́ Àǹtí ńkọ́?"

"Ahunṣọ kan ní Èbúté Mẹ́ta ti gbà á. Òwú òyìnbó ni ìyẹn ń pè é."

Adéríbigbé jókòó sílẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Géètì ilé olówó kan ní Sábó ló wá ń ṣọ́ títí ó fi darúgbó, kò sì hun aṣọ mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, òwú ò jẹ̀bi. Ohun rere tó bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má fi orúkọ burúkú polówó rẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Ẹ ka èyí sétí ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ; ẹnu òrofó ní í pa òrofó.