Olùdáhùn Keje

Ìgbà kẹta nìyí tí Dókítà Adérógbà fi bírò pupa fa igi kọjá ojú ewé kan náà, lọ́tẹ̀ yìí ìwé ya. Làtíífàt wo ibi tó ya, inú bí i gidigidi.

"Mo ní kó o yọ obìnrin yẹn kúrò," ni Dókítà wí. "Àwọn tó kù ti tó ọ."

"Kí ló ṣe, sà?"

"Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ṣé o gbọ́ tẹnu ọkọ rẹ̀ ni?"

Làtíífàt kò gbọ́ tẹnu ọkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn, Dókítà sì kọ "ó dára" sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo àwọn obìnrin yòókù. Iṣẹ́ ìwádìí tó fẹ́ fi gboyè máásítà nìyí: àwọn obìnrin Ìbàràpá tó fi òógùn ojú wọn rán ọkọ lọ sílé ìwé. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni Dókítà kò ti fẹ́ ẹ. Ó ní kí ló wà ní Ìbàràpá ju ẹ̀gẹ́ lọ, ó ní kó lọ ṣe é ní Ìjẹ̀bú. Ọmọ Èrúwà ni Làtíífàt. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra, ó sì kọ̀ jálẹ̀.

"Ibo gan-an lo ti rí i?" ni Dókítà bi í.

"Igangan ló wà nínú ìwé, sà."

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Igangan. Ó dáa."

Ní òótọ́, Tápà ló ti rí i. Obìnrin náà ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ewú ti gba orí rẹ̀, ó sì ti ní òun ò ráyè kí Làtíífàt tó kí i tán. Làtíífàt ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ní kíláàsì: ó sọ orúkọ ara rẹ̀, ó sọ ti yunifásítì, ó sọ ti olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, ó ní kò sí ẹni tí wọ́n máa fipá mú. Obìnrin náà fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀.

"Ta ló máa kà á?"

"Àwọn ọ̀gá wa ni, Màmá."

"Fa àpótí yẹn, kó o jókòó."

Kò pe orúkọ ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bàbá Bámiṣẹ́ ló ń pè é látìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí ìyàwó ilé rere ṣe ń ṣe. Ó yan gàrí, ó rù ú lọ sí ọjà Èrúwà, òjò ni, ẹ̀ẹ̀rùn ni, títí ọkọ rẹ̀ fi jáde ní yunifásítì. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún un ní oyè, ó se oúnjẹ, ó pọn Bámiṣẹ́, ó wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ bèèrè pé ta nìyí. Ọkọ rẹ̀ ní, "Ìyá tó ń ta gàrí fún wa lábúlé ni." Wọ́n gba oúnjẹ lórí rẹ̀, wọ́n ní kó lọ jókòó lẹ́yìn ilé.

"Mo sì lọ jókòó," ni obìnrin náà wí. "Mi ò sunkún o. Inú ló bí mi, ó ṣì ń bí mi títí dòní. Bàbá Bámiṣẹ́ ò tún gbé ẹsẹ̀ wá sí Tápà mọ́. Kọ gbogbo ẹ̀ síbẹ̀, ọmọ mi. Má bù ú kù."

Làtíífàt kò bù ú kù. Àṣírí nìkan ló bò, nítorí òfin iṣẹ́ wọn nìyẹn, Dókítà Adérógbà fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ wọn. "Èmi tí mò ń bójú tó yín gan-an," ló wí nígbà náà, "mi ò gbọdọ̀ dá wọn mọ̀." Làtíífàt sọ Tápà di Igangan, ó sọ gàrí di èlùbọ́, ó sọ ọmọkùnrin di ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Keturah. Ohùn tó gbà sórí fóònù, ó pa á rẹ́. Màmá Keturah, olùdáhùn keje: kò sí orúkọ mìíràn fún un nínú ìwé náà, kò sì sí ẹni tí Làtíífàt sọ òmíràn fún.

Ó gbé ojú ewé tó ya náà padà sórí tábìlì.

"Mi ò ní yọ ọ́, sà."

"Kí lo wí?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní kíláàsì pé ẹni tó bá ń yọ ohun tí kò dùn mọ́ ọn kúrò nínú ìwádìí, olè ni."

Dókítà dìde. "Èmi lò ń pè lólè? Ṣé o mọ̀ pé bí mi ò bá fọwọ́ sí ìwé yìí lónìí, odidi ọdún kan lo máa tún lò sí i?"

"Ẹ má fọwọ́ sí i!" Ohùn Làtíífàt ti lọ sókè, àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń gbọ́ ọ. "Màá gbé e lọ bá olórí ẹ̀ka, kí wọ́n kà á sétí gbogbo yín. Obìnrin yìí ti jókòó sẹ́yìn ilé lẹ́ẹ̀kan. Èmi kọ́ ni màá tún lé e lọ síbẹ̀."

Dókítà jókòó padà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó wo ojú ewé náà títí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ibi tó ya kó lè tẹ́jú, ó sì mú bírò, ó fọwọ́ sí i.

Làtíífàt kó ìwé rẹ̀. Inú ṣì ń bí i, kò kúnlẹ̀, kò dúpẹ́. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí ọ̀gá rẹ̀ tó tún sọ̀rọ̀.

"Tó o bá padà dé Tápà," ni Dókítà Adérógbà wí láìgbójú sókè, "sọ fún Màmá Bámiṣẹ́ pé mo ti kà á."