Ojú Ewé Tí Merrill Thornby Gé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí ná, ẹ má já a sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá kí ẹ tó fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.

Merrill Thornby ni ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ní Harrow Neck, ìlú kékeré kan létí òkun Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, wọn kò sì bímọ. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó fi ń yangàn: Elisha Thornby, baba ńlá rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn onígbàgbọ́ líle tó fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ wá tẹ ìlú náà dó.

Bó ń jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo ní gbọ̀ngàn ìjọ, ọ̀rọ̀ Elisha ni. Bó ń ra epo sọ́kọ̀, ọ̀rọ̀ Elisha ni. Lọ́jọ́ kan, ó kọjú sí aládùúgbò rẹ̀, Nelson Furtado, apẹja tí bàbá rẹ̀ ti ilẹ̀ Potogí wá.

"Nelson, níbo làwọn baba ńlá tìẹ wà nígbà tí tèmi ń ṣán igbó níbí?"

"Ojú òkun ni wọ́n wà, wọ́n ń pẹja. Àwọn tìẹ ló ń rà á jẹ."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Merrill kò rẹ́rìn-ín.

2.

Nígbà tí àjọ̀dún ìdásílẹ̀ ìlú ń bọ̀, wọ́n ní àwọn yóò gbé òkúta ńlá kan kalẹ̀, kí wọ́n gbẹ́ orúkọ àwọn ìdílé àkọ́kọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọmọ wọn lòun gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá, láti orí baba dé orí ọmọ.

Lois, àbúrò Merrill, bá a wá ìwé kiri. Wọ́n ha ewédò kúrò lára àwọn òkúta ibojì àtijọ́, wọ́n ń fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ká ìran náà sẹ́yìn títí ó fi ku ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ló bí Joel Thornby?

Ìdáhùn wà nínú ìwé ńlá ìjọ. Màmá Hester Brackett, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ló ti ń tọ́jú ìwé yẹn fún ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nìkan pẹ̀lú ìwé náà.

"Ṣùgbọ́n ìwọ ni, Merrill," ni màmá wí. "Jẹ́ n lọ gbé omi tíì kaná."

Merrill ṣí ìwé náà. Ohun tó kà rèé: Ìyàwó Elisha kò bí ọmọ kankan fún un. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló lóyún, tí kò sì dárúkọ ẹni tó fún un lóyún. Elisha fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n nà án lẹ́gba ogún níwájú ìjọ. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì lé e jáde sínú yìnyín. Ọmọ yẹn ni Joel, tí wọ́n fi fún Elisha tọ́ bí ọmọ rẹ̀. Orúkọ ọmọbìnrin náà wà níbẹ̀ ketekete.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kí lẹ̀ bá ṣe? Merrill yọ ọ̀bẹ àpò rẹ̀, ó gé ojú ewé náà, ó ká a sínú kóòtù.

"Ṣé o rí i?" ni màmá bi í, tíì lọ́wọ́.

"Rárá, mà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Nígbà tó délé, ó jù ú síná.

3.

Ìwé ogún tó fi hàn pé Joel jogún oko Elisha ni Merrill wá fi ṣe ẹ̀rí, wọ́n sì gbà á. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọ̀mọ̀wé kan wá yẹ ìwé ìjọ wò, ló bá rí ojú ibi tí wọ́n gé. Àwọn àgbà ìjọ pe ìpàdé.

"Màmá, ọwọ́ yín nìkan ni kọ́kọ́rọ́ wà," ni pásítọ̀ wí.

Màmá Brackett na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú wọn. "Ẹ wò ó bó ṣe ń gbọ̀n. Ṣé ọwọ́ yìí ló lè gé nǹkan tààrà báyìí?" Ó yíjú. "Merrill, sọ fún wọn. Ìwọ náà lo ìwé yìí. Ṣé ó pé nígbà yẹn?"

Merrill ń wo fìlà tó wà lórí itan rẹ̀. "Mi ò rántí, mà."

Màmá kó kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ó jáde. Láti ọjọ́ yẹn, kò tẹsẹ̀ bọ ilé ìjọ́sìn náà mọ́. Nígbà tí òtútù mú gan-an ní oṣù kejì, àyà dídùn gbé e lọ. Àwọn tó sin ín kò pé mẹ́wàá.

4.

Bí Lois àti Merrill ṣe ń ti ìsìnkú bọ̀, Lois dá ọkọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

"Bọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ gé e."

Kò bi í léèrè o, ó sọ ọ́ ni. Merrill bú sẹ́kún, ó rò ó fún un látòkèdélẹ̀.

"Nítorí òkúta?" ni Lois wí. "Obìnrin yẹn ló bí wa! Wọ́n nà án, wọ́n gba ọmọ rẹ̀, ẹ̀yin náà tún wá dáná sun ún! Kí lorúkọ rẹ̀?"

Merrill la ẹnu. Ó rántí iye ẹgba. Ó rántí àwọ̀ yíǹkì. Orúkọ kò wá.

"Mo kà á, Lois. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á."

"Mo ní kí lorúkọ rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó jẹ́wọ́ níwájú ìjọ. Ẹnikẹ́ni kò pariwo lé e lórí; ìbá sàn bí wọ́n bá pariwo. Wọ́n yọ Thornby kúrò lára orúkọ tí wọ́n fẹ́ gbẹ́. Lois kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Merrill lọ síbi tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ pa mọ́ sí ní Boston, ó tú ìwé ilé ẹjọ́, ó tú ìwé àwọn ọkọ̀ òkun. Orúkọ náà kò sí níbì kankan.

Ó ti fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra òkúta kékeré fún ọmọbìnrin náà. Agbẹ́kùúta ti pè é lẹ́ẹ̀mẹta.

"Bàbá, kí ni kí n kọ sí i?"

Òkúta náà ṣì wà nílẹ̀ nínú ọgbà agbẹ́kùúta, kò sí lẹ́tà kan lójú rẹ̀, yìnyín ń bọ́ lé e.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ṣọ́ra fún ìgbéraga ìdílé. Bí ẹ bá ń wá ìran yín, ẹ múra àtigba ẹni tí ẹ bá bá níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹrú, ìbáà jẹ́ ẹni tí wọ́n nà ní gbangba. Ẹ má sì jẹ́ kí aláìṣẹ̀ ru ẹ̀bi yín, torí ọjọ́ tí ẹ bá ṣe tán láti tọrọ àforíjì, ó lè ti wọlẹ̀. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.