Bọ́tìnì Ò Hàn Lórí Fóònù Ọ̀gá

Ilẹ̀kùn ti èmi àti ọ̀gá mọ́ inú yàrá fáìlì.

Èmi ni mò ń gbálẹ̀ ibí. Ọ̀gá ló ni iléeṣẹ́.

Kò sí fèrèsé. Kò sí kọ́kọ́rọ́ mọ́ náà. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wẹ́búsáìtì la fi ń ṣílẹ̀kùn.

Ọ̀gá ń fi àtàǹpàkò ra ojú fóònù bí ẹni ń fi ìpara ra ọmọ lára. "Bọ́tìnì tí mo fẹ́ tẹ̀ dà?"

"Bóyá búráúsà yín ni ò bá a mu, sà."

"Iléeṣẹ́ ńlá ló ṣe é o. Wọ́n ní ogún òṣìṣẹ́ làwọn ní."

"Ẹ má dá wọn lóhùn, sà. Ayédèrú ni wọ́n."

"Fi fóònù tìẹ wò ó."

"Ó ti kú, sà. Bátìrì."

Òógùn bò wá. Ọ̀gá ti ń fẹsẹ̀ kọ́ra.

"Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí," ó ní. "Tí mo bá tọ̀ sára, ẹni tó ṣe nǹkan yìí á lọ ṣàlàyé ní tẹ́ṣàn."

"Ẹ má dá a sí, sà."

Ó rí nǹkan kan nísàlẹ̀ ojú ewé náà. "Nọ́ńbà wọn rèé." Ó pè é.

Àpò ṣòkòtò mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ọ̀gá wo àpò. Ó wò mí. Ó tún wo àpò.

Mo yọ fóònù tó ti kú náà jáde. Lórí tèmi, bọ́tìnì hàn rekete, torí orí ẹ̀ nìkan ni mo ti dán an wò.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí.

Ọ̀gá ò jáde. Ó rọra tì í padà.

"Jókòó," ó ní. "Àwọn mọ́kàndínlógún tó kù dà?"