Ẹjọ́ Ìyá Inú Ìwé

Ọjọ́ Ajé ni Tíṣà, olórí ẹgbẹ́ òǹkàwé orí fóònù, fi ìwé tuntun síwájú wọn. Ìtàn ara rẹ̀ ni òǹkọ̀wé náà sọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé e jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ibùdókọ̀, tó ní òun ń lọ ra omi, tí kò sì padà wá. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì níbẹ̀ ló mú un lọ sí ìlú tirẹ̀, tó sì tọ́ ọ dàgbà.

Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, ẹgbẹ́ ti pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ ìyá tó fi ọmọ sílẹ̀ yẹn. Gbogbo wọn wà lápá kan, Ìyá Abẹ́rẹ́ nìkan ló wà lápá kejì.

Aránṣọ ni, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló bí orúkọ yẹn. Bó bá sọ̀rọ̀ sí ìwé, ó máa ń gún un dé egungun ni. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ọ̀tẹ̀ yìí fẹ́ kọjá àwàdà.

"Ẹ má pe ajá lọ́bọ fún mi," ó kọ ọ́. "Obìnrin yẹn kì í ṣe ẹni à ń káàánú."

Dírẹ́bà, ọkùnrin akẹ́rù tó máa ń kàwé níbi tó bá ti ń dúró de ẹrù, ló kọ́kọ́ fèsì. "Ẹ rọra o, ìyá wa. Ọmọdé lòun náà nígbà yẹn, kò lọ́kọ, kò lẹ́bí. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún là ń fi fà á mọ́ra."

"Òun tó fi ọmọ sílẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún tiẹ̀ dà?"

Tíṣà dá sí i. "Ìwé sọ pé ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹta kó tó wọ àárín èrò lọ. Ó dùn ún nìyẹn."

"Kò bojú wẹ̀yìn. Òǹkọ̀wé ló fi ìyẹn ṣàánú rẹ̀."

"Àbí ẹ̀yin lẹ kọ ìwé ọ̀hún ni?" Dírẹ́bà béèrè. Àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín ṣáá.

Ìyá Abẹ́rẹ́ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti ka ìwé náà tán láàárín ọjọ́ méjì. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, oníbàárà kan na aṣọ rẹ̀ sókè níwájú rẹ̀.

"Màmá, apá òsì lẹ rán mọ́ ọ̀tún."

"Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n tú u."

Ó tú u, ó tún un rán, ó tún gbé e sódì.

Ní Ọjọ́bọ̀, Dírẹ́bà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá wa, bó bá jẹ́ pé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí, ẹ sọ fún wa. Ará ilé ni wá."

Ìyá Abẹ́rẹ́ kà á, ó sì gbé aṣọ mìíràn sẹ́nu ẹ̀rọ. Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n. Tíṣà pè é lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ohun tí mo rò náà ni?"

"Ọgbẹ́ náà ti pẹ́," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ sọ. "Mo rò pé ó ti jinná ni."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, Tíṣà mú òǹkọ̀wé náà wọ inú ẹgbẹ́. Ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Dírẹ́bà, lẹ́yìn náà ló yíjú sí aránṣọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ. Èmi tó ṣẹlẹ̀ sí gan-an, inú ò bí mi tó báyìí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ kí ìyá mi ṣe kẹ́ ẹ tó lè dárí jì í?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ pa ẹ̀rọ, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ra, ó jókòó sórí ilẹ̀ láàárín àwọn àkísà. Ó kọ̀wé, ó pa á rẹ́. Ó tún kọ ọ́, ó tún pa á rẹ́. Wọ́n rí i lójú fóònù wọn pé ó ń kọ nǹkan, wọ́n sì dúró dè é.

"Ọmọ mi," ló kọ níkẹyìn, "mo padà wá lọ́jọ́ kẹta, bẹ́ǹṣì náà nìkan ni mo bá."