Ariwo Orin Ìfẹ́ Nílé Màmá Olórin

Ọjọ́ tí aránṣọ kan kọ́kọ́ gbé ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Màmá Olórin, orin ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin kan ń fi ohùn tó tín-ín-rín bí òwú bẹ obìnrin pé kó má lọ, ìlù tí ẹ̀rọ ń lù sì ń dún gbì, gbì, lábẹ́ ẹ̀bẹ̀ náà.

"Wọn ò tíì bí ẹ nígbà tí eléyìí gbòde," ni ìyá àgbà náà wí. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, òun ló máa ń ka àwọn orin tó mókè lọ́sẹ̀ lórí rédíò. Kásẹ́ẹ̀tì orin ìfẹ́ ìgbà náà kún ògiri ilé rẹ̀ dé òkè àjà. "Gbogbo ọdún yẹn ni ọkùnrin yìí fi sunkún."

"Ṣé obìnrin náà padà, Mà?"

"Ó padà kẹ̀? Nínú orin tó tẹ̀ lé e, obìnrin mìíràn ló ń bẹ̀."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Látìgbà tí ibà líle kan ti fi í sílẹ̀ ni kì í ti í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́, ìyá rẹ̀ a sì máa sọ pé Ọlọ́run ló fi ìyẹn rẹ òun lẹ́kún. Bàbá ọmọ wà nídìí ọkọ̀ akẹ́rù lọ́nà jíjìn, ilé iṣẹ́ ìránṣọ sì ti ní kí ìyá ọmọ padà wá. Kò lẹ́lòmíràn tí ó lè gbé ọmọ fún.

Nǹkan ń lọ dáadáa títí di ọjọ́ tí bàbá tó ń tún aago ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ilé Màmá dá ìyá ọmọ dúró.

"Ìyá Jẹ́jẹ́, ṣé Màmá fẹ́ lé wa kúrò ládùúgbò ni? Ojoojúmọ́ ló ń yí orin sókè ju ti àná lọ. Gbogbo ohun tí mo tú sílẹ̀ nínú aago ló ń jó lórí tábìlì. Irú ìfẹ́ wo ló ń ké bí ẹni tí wọ́n ń dá lóró?"

"Ẹ má bínú, bàbá."

"Mi ò bínú. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé mo yọjú wo ọmọ yín. Ẹ̀gbẹ́ sípíkà gan-an ló sùn sí. Kò tilẹ̀ mira." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ tí wọn ò fún ní nǹkan kan mu kì í sun irú oorun yẹn."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu aránṣọ. Nígbà tó délé, ó gbóòórùn ẹnu ọmọ: wàrà ni. Ó lá ẹnu ìgò rẹ̀: wàrà náà ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó sọ ọ́ fún obìnrin tí wọ́n jọ ń rán bọ́tìnì níbi iṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò gbọ́ ti obìnrin tó ń fún ọmọ ọlọ́mọ ní oògùn ikọ́ ni? Ó ní kí wọ́n lè máa sùn. Ọ̀kan sì sùn lóòótọ́."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn kí ni? Mo ní ó sùn."

Nígbà tó lọ gba ọmọ lọ́jọ́ náà, ó bi Màmá Olórin bóyá ó ń fún un ní oògùn kankan.

"Oògùn kẹ̀? Wàrà tí o gbé wá ni." Ìyá àgbà náà kò bínú. Ó wò ó títí. "Ìwọ náà, jẹ́ n bi ọ́. Tí o bá ń kọrin fún un nílé, ojú rẹ ló máa ń wò ni, àbí ẹnu rẹ?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn, Mà?"

"Kò burú. Jẹ́ kí n fi ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ sí i dán an wò ná. A óò jọ sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kó fojú ba oorun. Kí ni wọ́n ń dán wò lára ọmọ òun? Ní òwúrọ̀, ó gbé ọmọ lọ bó ti máa ń gbé e lọ, nítorí ẹni tí kò lọ síbi iṣẹ́ kò níṣẹ́ mọ́. Níbi iṣẹ́, ojú ọ̀nà ló ń wò. Ó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kán sí ọrùn aṣọ tuntun. Ó dìde láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, ó sì ki eré mọ́lẹ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà ló ti ń gbọ́ orin náà. Fèrè ń ké, ọkùnrin kan ń búra pé òun óò kú bí olólùfẹ́ òun bá lọ, fèrèsé ilé onílé ń gbọ̀n. Bàbá aláago ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó dúró síta, ó ki ìka bọ etí méjèèjì. Orí ló fi júwe ilé náà fún un.

Bó ti fọwọ́ kan géètì, orin náà dákẹ́ lójijì. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà dẹ́rù bà á ju ariwo lọ. Ìgbà yẹn ló tó rí i pé àlùmọ́gàjí tó fi ń gé aṣọ ṣì wà lọ́wọ́ òun. Kò jù ú nù. Ó di í mú ṣinṣin, ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ ògiri dé ibi fèrèsé, ó sì yọjú.

Jẹ́jẹ́ jókòó lórí ẹní, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó ń yí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo kan síwá sẹ́yìn, Màmá Olórin sì kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, omijé ń dà lójú rẹ̀ bó ti ń gbá ìdérí ìkòkò méjì mọ́ra wọn, tó ń tún wọn gbá, tó ń pe orúkọ ọmọ náà. Ọmọ náà kò bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, títí ó fi gbójú sókè, tó rí ìyá rẹ̀ lójú fèrèsé, tó sì bú sẹ́rìn-ín.